Ibi tí Bàbá Ẹlẹ́fun fi ẹ̀yìn tì

Nígbà tí ògiri iwájú ilé wa wó ní ọjọ́ kẹjọ lẹ́yìn tí a sin bàbá mi àgbà, ibì kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù lórí ìdúró: ibi tí ó fi ẹ̀yìn tì lọ́jọ́ tí wọ́n wá fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ògiri náà. Ó ga tó àyà mi, ó sì fẹ̀ tó àga kan. Gbogbo ìyókù, láti ìsàlẹ̀ dé abẹ́ páànù, ti ya dà sójú títì, òrùlé sì fì sílẹ̀ bí etí ajá. Ewúrẹ́ kan ló kú. Ká ní ògiri náà fi wákàtí méjì sùúrù sí i ni, àwọn àlejò tó ń bọ̀ wá ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ ni à bá máa hú jáde lábẹ́ rẹ̀.

Àjàṣẹ́ ni ó ti ṣẹlẹ̀, nínú òjò ọdún karùn-ún tí àwọn ológun ti gba ìjọba. Orúkọ bàbá mi àgbà ni Ráímì Àkànní. Bírikìlà ni, ọmọ bírikìlà sì ni. Ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó ń pe orúkọ yẹn ládùúgbò. Bàbá Ẹlẹ́fun ni tọmọdé tàgbà ń pè é, torí pé tí ó bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, ẹ ó rò pé inú elùbọ́ ló ṣubú sí. Iṣẹ́ ìròyìn ni mo ń ṣe ní Kútọnu láti ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Inú ló ń bí mi tí mo fi ń kọ èyí, mi ò sì ní fi pamọ́.

Bàbá tirẹ̀ ló kọ́ ilé náà. Àwọn Àgùdà tó ti Bràsíìlì padà wá ló kọ́ bàbá náà níṣẹ́, ó sì kọ́ ilé tirẹ̀ bí ẹni tó fẹ́ kí àwọn ọ̀gá rẹ̀ jowú. Ilé alájà ni. Ògiri rẹ̀ jẹ́ amọ̀ pupa tí wọ́n fi ẹsẹ̀ gún, ó nípọn tó gígùn apá mi. Fèrèsé méje ló kọjú sí títì, òdòdó kan tí wọ́n fi ẹfun mọ sì wà lókè ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò sí èyí tó jọ èkejì. Àwọn àlejò máa ń rò pé òkúta ni wọ́n fi kọ́ ọ. Bàbá á jẹ́ kí wọ́n gbádùn ìrònú yẹn díẹ̀, lẹ́yìn náà á fi èékánná họ ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn, erùpẹ̀ pupa á sì dà sí wọn lọ́wọ́. “Òkúta yín rè é,” ni yóò wí.

Irú ilé bẹ́ẹ̀ kì í parí. Lọ́dọọdún, tí òjò bá ti dáwọ́ dúró, Bàbá á mú ògiri kan, ẹyọ kan péré. Á bó awọ àtijọ́ kúrò lára rẹ̀, á di ihò rẹ̀, á sì fi ẹfun tuntun rẹ́ ẹ. Ọdún mẹ́rin ni ó fi ń yí ilé po, ní ọdún karùn-ún á tún padà sí ti àkọ́kọ́. Kì í ra ẹfun náà. Òun àti Kòsí ni wọ́n ń lọ kó ìkarahun létí ọ̀sà. Ègùn ni Kòsí, ará ìlú Afránkù, ó sì ti ń bá a ṣiṣẹ́ láti ìgbà tí kò tíì ní irùngbọ̀n. Òun náà ti hewú báyìí. Wọ́n á sun ìkarahun náà nínú iná igi, wọ́n á da omi lé e kó hó bí ìkòkò, wọ́n á sì rọ ọ́ sínú kòtò lẹ́yìn ilé. Ọdún kan gbáko ni yóò lò níbẹ̀ lábẹ́ omi. Ẹfun ọdún yìí kì í kan ògiri ọdún yìí. Ẹni tó bá bu ti inú kòtò láìjẹ́ pé ó ti sun èyí tí yóò rọ́pò rẹ̀, Bàbá kò ní bá a sọ̀rọ̀ fún ọ̀sẹ̀ kan.

Àwa ọmọ-ọmọ ló máa ń wẹ ògiri. Ẹfun tó bá tètè gbẹ máa ń là, nítorí náà Bàbá á fi àpò tí a rì sómi bo ògiri náà, àwa á sì máa wọ́n omi sí i láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́ fún ọjọ́ mẹ́rìnlá. Mo kórìíra rẹ̀. Àwọn ẹgbẹ́ mi ti dé ilé ìwé, èmi ṣì ń gbé garawa. Mo bi í lọ́jọ́ kan pé, “Bàbá, ṣé ọmọ tuntun ni ògiri yìí ni?” Kò rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Ọmọ tuntun á sunkún bí o bá gbàgbé rẹ̀. Èyí kò ní sunkún. Yóò kàn wó pa ọ́ ni.”

Ẹ má rò pé ẹni tó rọrùn láti fẹ́ràn ni. Bàbá máa ń dójú ti èèyàn. Tí a bá kí ẹbí lọ, kó tó jókòó, á ti ká ìka rẹ̀, á fi kan ògiri wọn, á sì gbé etí lé e. Nígbà tí a lọ mọ ilé ọkọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ní Àjárá, wọ́n gbé omi wá, wọ́n gbé obì wá, a kò rí Bàbá. Ẹ̀yìn yàrá ni wọ́n ti bá a níbi tí ó ti ń kan ògiri lọ láti igun dé igun.

Bàbá ọkọ bi í pé, “Bàbá wa, kí lẹ ń wá?”

“Mo ń bi í bóyá ọmọ mi lè sùn níbí.”

“Kí ló wá sọ?”

“Ó ní kó má dán an wò.”

Ìgbéyàwó náà fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ níbẹ̀. Kòsí ni wọ́n padà rán lọ ní ọ̀sẹ̀ kejì láti lọ tún ògiri náà ṣe, ó sì bá ihò ikán nínú rẹ̀ tí apá rẹ̀ wọ̀ dé ìgúnpá. Nígbà tí mo bi Kòsí bí ó ṣe fara da irú ọ̀gá bẹ́ẹ̀ fún gbogbo ayé rẹ̀, ó mi orí, ó ní, “Ọ̀gá kì í kí èèyàn. Ilé èèyàn ló máa ń kí.”

Lójú fèrèsé yàrá rẹ̀, ègé sìmẹ́ńtì kan wà tó tó àtẹ́lẹwọ́ méjì. Iwájú rẹ̀ dán, amọ̀ pupa sì lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Kò sí ẹni tó gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án. “Olùkọ́ mi” ni ó ń pè é, bí ẹni tí ń sọ nípa alùfáà kan. Mo ti lé ní ọgbọ̀n ọdún kí n tó mọ ìtàn rẹ̀, kì í sì í ṣe òun ló sọ ọ́. Ìyá Sídì ni, aládùúgbò wa tí ewúrẹ́ rẹ̀ kú lábẹ́ ògiri.

Ìyá Sídì ní ìgbà àwọn òyìnbó ni. Bàbá ṣì jẹ́ ọ̀dọ́mọkùnrin, ó ń bá wọn ṣiṣẹ́ ní ilé ìjọba, wọ́n sì fún un ní àpò sìmẹ́ńtì mélòó kan tó ṣẹ́ kù. Nǹkan tuntun ni, nǹkan olówó. Ó fẹ́ fi ṣe opó kan lóore, ìyá Ìyá Sídì fúnra rẹ̀, ó sì fi sìmẹ́ńtì náà rẹ́ ògiri amọ̀ ilé ìdáná rẹ̀ láti òkè délẹ̀. Gbogbo àdúgbò wá wò ó. Ní òjò kẹta, ògiri náà wó, ó sì ṣẹ́ opó náà lẹ́sẹ̀.

“Kò rìn dáadáa mọ́ títí ó fi kú,” ni Ìyá Sídì wí. “Ṣùgbọ́n kò pọn omi mọ́ pẹ̀lú. Bàbá rẹ ló ń pọn ọ́n. Ọkùnrin, lójú gbogbo ayé, pẹ̀lú ìkòkò lórí. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é ní ìyàwó ìyá mi. Kò dá wọn lóhùn rí.”

Mo lọ bi Bàbá nípa rẹ̀. Ó nàka sí ègé sìmẹ́ńtì náà. Ó ní, “Amọ̀ ń mí. Mo dí i nímú.”

Ohun tí ó kọ́ ní ìṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ nìyẹn, ó sì san owó ẹ̀kọ́ rẹ̀ pẹ̀lú ìkòkò omi. Òun ni wọ́n wá pè ní ọ̀tá ìlọsíwájú nígbà tí ó darúgbó.

Kí n tó dé orí ìyẹn, mo gbọ́dọ̀ sọ ti Músílíù. Àbúrò bàbá mi ni, àbíkẹ́yìn Bàbá. Nígbà tó wà ní ọmọ ọdún méjìlá, Bàbá gbé ṣíbí ìrẹ́lé fún un, ó ní kó rẹ́ ìsàlẹ̀ ògiri kan kí òun wò ó. Ọmọ náà ṣe é láti àárọ̀ títí di ọ̀sán. Bàbá dé, ó wò ó, ó gbé ìgbálẹ̀, ó sì gbá gbogbo rẹ̀ dànù lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ó ní, “Ọwọ́ rẹ kò gbọ́ ẹfun. Lọ máa kọ̀wé.”

Músílíù lọ kọ̀wé. Ó kàwé ju gbogbo wa lọ, ó rí iṣẹ́ ní biróò, ọ́fíìsì ìjọba, ó ń wọ bàtà tó ń dún. Nígbà tí àwọn ológun dé, tí wọ́n ní kí àdúgbò kọ̀ọ̀kan yan kọmitẹ́ Rẹfolusiọ́n, ìyẹn ìyípadà ńlá tí wọ́n kéde, òun ni wọ́n fi ṣe akọ̀wé. Gbogbo èèyàn di kamaráàdì, ìyẹn ẹlẹgbẹ́ ara wọn. Ní biróò, ní ọjà, lẹ́nu ọ̀nà ilé ìwé, wọn kì í kí ọ pé ẹ káàárọ̀ mọ́; wọ́n á bi ọ́ bóyá o ti múra fún Rẹfolusiọ́n, ìwọ náà á ní o ti múra, ìjà sì ń bá a lọ. Mo wí i bí gbogbo èèyàn ṣe ń wí i. Mi ò ní purọ́.

Ọdún tí wọ́n fẹ́ yí orúkọ orílẹ̀-èdè padà láti Dàhọ̀mì sí Bẹ̀nẹ̀ ni àṣẹ náà jáde. Àwọn àgbà ológun ń bọ̀ wá yan kọjá ní òpópó wa fún àjọ̀dún ìgbàjọba. Kọmitẹ́ ní gbogbo ilé tó bá kọjú sí ọ̀nà gbọ́dọ̀ ní sìmẹ́ńtì lára, kí wọ́n sì kun ún. Wọ́n ní amọ̀ jẹ́ ìtìjú. Wọ́n ní àwọn òdòdó orí fèrèsé jẹ́ àmì àwọn olówó àná tó jẹun lórí ẹ̀jẹ̀ ẹrú. Mo mọ̀ pé àwọn Àgùdà kan ta ẹrú. Bàbá bàbá mi àgbà po amọ̀. Kò sí ẹni tó béèrè.

Abẹ́ igi ní ilé ìwé ni wọ́n ti ṣe ìpàdé. Mo wà níbẹ̀, mo sì kọ ohun tí wọ́n wí sílẹ̀. Ẹni tó jẹ́ délégè, olórí kọmitẹ́, dìde, ó nàka sí Bàbá.

“Kamaráàdì Ráímì! Ṣé ẹ ti múra fún Rẹfolusiọ́n?”

“Mo ti múra fún òjò.”

Àwọn èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Délégè kò rẹ́rìn-ín. Ọmọkùnrin kan nínú àwọn ọ̀dọ́ kọmitẹ́ pariwo pé, “Ilé amọ̀, ọpọlọ amọ̀!”

Bàbá yíjú sí i. “Amọ̀ ni Ọlọ́run fi mọ ìwọ náà, ọmọ mi. Àbí wọ́n ti fi sìmẹ́ńtì rẹ́ ọ?”

Ìrẹ́rìn-ín náà le débi pé àwọn obìnrin ń fi etí aṣọ nu ojú. Bàbá jókòó, ó rò pé òun ti borí. Níbẹ̀ ni ó ti ṣìnà. Kò wo Músílíù, tó jókòó sídìí tábìlì pẹ̀lú bírò lọ́wọ́, tí ojú ń tì í lórí bàbá rẹ̀ lójú gbogbo àdúgbò, gẹ́gẹ́ bí ojú ti tì í lọ́jọ́ ìgbálẹ̀. Ìwé àṣẹ náà nílò ìfọwọ́sí onílé tàbí ti ọmọ rẹ̀ ọkùnrin. Músílíù fa ìwé sún mọ́ ara rẹ̀, ó sì fọwọ́ sí i. Ó ní, “Ẹ má bínú, Bàbá. Ẹ̀yin náà lẹ ní kí n lọ máa kọ̀wé.”

Wọ́n dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹta. Kì í ṣe bírikìlà. Àwọn ọ̀dọ́ tí wọ́n kó jọ fún iṣẹ́ ìlú ni, wọ́n ń kọrin, inú wọn dùn. Wọ́n fi òòlù gbá àwọn òdòdó méjèèje sílẹ̀ kí àkàrà àárọ̀ tó jinná. Bàbá ṣa àwọn ègé náà sínú agbọ̀n, ó gbé e wọlé. Ó sì gbé àga kan jáde, ó gbé e ti ògiri, ó jókòó, ó fi ẹ̀yìn tì í, ó mú tẹ̀sùbáà rẹ̀ jáde.

Wọ́n ní kó dìde. Ó ń ka tẹ̀sùbáà. Ọ̀kan nínú wọn ní kí wọ́n gbé e tàga-tàga. Ìyá Sídì dúró sí àárín, ó ní ẹni tó bá fọwọ́ kan bàbá arúgbó, òun á bọ́ sí ìhòhò níbẹ̀ lójú wọn. Kò sí ẹni tó fẹ́ rí ìyẹn. Ni wọ́n bá ń rẹ́ ògiri yí i ká. Sìmẹ́ńtì ń ta sí i léjìká, ó ń ta sí irùngbọ̀n rẹ̀. Ìyá Sídì gbé ẹ̀kọ wá fún un, ó jẹ ẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí àkókò ìrun dé, orí àga náà ló ti kí i, bí àwọn aláìsàn ṣe ń kí i.

Músílíù dé láti biróò ní ọ̀sán. Ó kúnlẹ̀ nínú ẹrẹ̀ sìmẹ́ńtì pẹ̀lú ṣòkòtò funfun rẹ̀.

“Bàbá, ẹ dìde. Ẹ jọ̀wọ́. Wọ́n ń wò wá.”

“Jẹ́ kí wọ́n wò.”

“Kí lẹ fẹ́ fi ibi àga kan ṣe? Gbogbo ògiri ti lọ.”

Bàbá ní, “Ibi tí ara mi lè bò nìyẹn.”

Ìrọ̀lẹ́ ló tó dìde, nígbà tí àwọn ọmọ náà ti kó garawa wọn lọ. Àwòrán ẹ̀yìn arúgbó kan tó jókòó ṣẹ́ kù lára ògiri náà ní awọ ẹfun àtijọ́, gbogbo àyíká rẹ̀ jẹ́ sìmẹ́ńtì tútù aláwọ̀ eérú.

Báyìí ni mo dé ibi tí ó kàn mí. Ilé iṣẹ́ ìròyìn wa rán mi láti kọ ohun tí Àjàṣẹ́ ń ṣe fún àjọ̀dún náà. Mo jókòó ti Bàbá láti àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó sì sọ̀rọ̀ bí kò ti sọ ọ́ rí. Ó là á yé mi bí omi ṣe ń gòkè láti ilẹ̀ sínú amọ̀, bí ẹfun ṣe ń jẹ́ kó jáde, bí sìmẹ́ńtì ṣe ń há a mọ́ inú. Mo kọ gbogbo rẹ̀. Ó parí ọ̀rọ̀ báyìí, mo ń dà á kọ láti inú ìwé mi: “Ẹ fi òjò méjì sí i. Yóò máa dán lóde, yóò ti di ẹ̀kọ nínú. Ẹ má jẹ́ kí ọmọdé ṣeré nídìí rẹ̀.”

Ìròyìn mi jáde ní èdè Faransé, pẹ̀lú fòtóò òpópó náà. Ọ̀rọ̀ délégè wà níbẹ̀. Ọ̀rọ̀ Músílíù wà níbẹ̀. Mi ò lè di ẹ̀bi ru olóòtú, nítorí pé olóòtú kò rí ti Bàbá rí. Èmi ni mo yọ ọ́ kí n tó fi ránṣẹ́. Ẹ̀rù bà mí, mo sì pe ẹ̀rù náà ní ọgbọ́n.

Bàbá ní kí n ka ìwé ìròyìn náà sí òun létí, kí n máa túmọ̀ rẹ̀. Mo kà á dé òpin. Ó dúró kí n ṣí ojú ewé kejì. Kò sí ojú ewé kejì. Ó ní, “Àṣàkẹ́, mo sọ̀rọ̀ fún ọ láti àárọ̀ títí di oúnjẹ ọ̀sán. Níbo lo kó o sí?”

Kò bá mi jà. Ọdún méjì tó gbé lẹ́yìn náà, tí mo bá wá kí i, á béèrè ọmọ, á béèrè iṣẹ́. Kò tún sọ ọ̀rọ̀ ilé sí mi létí mọ́. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn tó kẹ́yìn ayé rẹ̀, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, ó ní kí Kòsí gbé òun lọ sí etí ọ̀sà. Wọ́n kó ìkarahun, wọ́n sun ún, wọ́n rọ ọ́ sínú kòtò. Àwọn ọmọ-ọmọ rẹ̀ ń sọ pé orí rẹ̀ ti ń dàrú: ògiri wo ló fẹ́ fi rẹ́? Kòsí náà bi í. Èsì rẹ̀ ni Kòsí sọ fún mi nídìí sàréè: “Kì í ṣe tèmi ni ẹfun náà. Wọ́n á wá a lọ́jọ́ kan.”

Ó kú láàárọ̀ kan lẹ́yìn ìrun, lórí ẹní. Òjò ti bẹ̀rẹ̀. Ní ọjọ́ kẹjọ, ilẹ̀ ti ń mọ́, a ń to àga, mo gbọ́ ohùn kan bí ìgbà tí èèyàn bá fa aṣọ tútù ya. Ìyá Sídì kígbe. Nígbà tí eruku yẹ kó fò, kò sí eruku: ẹrẹ̀ ni. Inú ògiri náà ti rọ̀ bí ẹ̀kọ, awọ sìmẹ́ńtì sì ṣubú lódidi-lódidi, pẹ̀lú ọ̀dà rẹ̀ tó ṣì ń dán.

Mi ò sọ pé iṣẹ́ ìyanu ni ibi tó dúró yẹn. Kòsí kò sọ bẹ́ẹ̀ náà. Ó fi ọwọ́ kàn án, ó ní ó gbẹ. “Ibẹ̀ nìkan ni omi ti rí ọ̀nà jáde. Ọ̀gá sọ fún wọn. Ó fi ara rẹ̀ sàmì sí i fún wọn.”

Ohun kan wà tí mi ò lóye. Mo mọ̀ pé délégè pàṣẹ kí wọ́n dí ibẹ̀ kí àwọn ológun tó dé. Mo rántí aṣọ pupa kan tí wọ́n ta sára ògiri náà lọ́jọ́ àjọ̀dún, tó sì wà níbẹ̀ títí ó fi ṣá. Mo bá Músílíù lẹ́yìn ilé, létí kòtò ẹfun, ó jókòó sílẹ̀ pẹ̀lú aṣọ àdúrà lọ́rùn. Mo ti múra láti bú u. Mo sì bú u. Mo pè é ní ohun tí mi ò lè kọ síbí. Ó jẹ́ kí n parí.

“Èmi ni wọ́n ní kí n dí i,” ló wí. “Mo po sìmẹ́ńtì náà. Mo dé ibẹ̀, mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lára ògiri. Mo ta aṣọ bò ó, mo ní mo ti dí i.”

“Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un?”

“Ṣé ìwọ sọ ohun tí o yọ fún un?”

Músílíù wo ọwọ́ rẹ̀. “Ìwọ rò pé ìwọ nìkan ni inú ń bí, Àṣàkẹ́. Ó gbá iṣẹ́ mi dànù lójú àwọn ọmọ iṣẹ́. Ọmọ ọdún méjìlá ni mí nígbà náà. Kó kàn sọ pé màá mọ̀ ọ́n lọ́dún tó ń bọ̀, kí ló máa ná an?”

Òtítọ́ ni ìyẹn náà. Bàbá, tó ní sùúrù ọdún kan fún ẹfun, kò ní ti ọjọ́ kan fún ọmọ rẹ̀. Mo kọ ọ́ síbí nítorí pé mi ò fẹ́ tún yọ ọ̀rọ̀ ẹnikẹ́ni mọ́.

Délégè dé ní ọjọ́ kejì pẹ̀lú ìwé. Ó ní ilé náà ti di ewu, wọn yóò wó o pátá, wọn yóò sì fi búlọ́ọ̀kù kọ́ ilé ìpàdé síbẹ̀. Ó na bírò sí Músílíù. Músílíù ká ọwọ́ sẹ́yìn.

“Kamaráàdì, ìwọ náà lo fọwọ́ sí ti àkọ́kọ́.”

“Ìdí nìyẹn tí mi ò fi ní fọwọ́ sí èyí.”

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń bó sìmẹ́ńtì kúrò lára ògiri mẹ́ta yòókù. Kọmitẹ́ ti rẹ́ àwọn náà lọ́dún tó tẹ̀ lé àjọ̀dún, kí ilé lè jẹ́ àwọ̀ kan. Kòsí ló ń fi irin ṣóńṣó wá ibi tí sìmẹ́ńtì ti wú, Músílíù ló ń kó ègé rẹ̀ dànù, àwọn ọmọ wa ń bu omi. Lábẹ́ rẹ̀, ibì kan gbẹ, ibì kan rọ̀. A kò mọ̀ bóyá a tètè dé. Ẹfun kún kòtò, ṣùgbọ́n ọdún rẹ̀ kò tíì pé, Kòsí kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni bù ú.

Lánàá ni ìwé kejì dé láti biróò iṣẹ́ òde, délégè sì kà á sókè ní iwájú ilé, níbi tí òrùlé ti fì. Ó ní ní ọjọ́ Ajé, ọ̀gá kan láti biróò náà ń bọ̀ wá fi òòlù kékeré kan ògiri kọ̀ọ̀kan kó sì fetí sí i. Èyí tí ohùn rẹ̀ bá ṣófo, wọn yóò wó o lójú ẹsẹ̀. Èyí tó bá le, wọn yóò fi sílẹ̀ fún ìdílé láti tún ṣe kí òjò ọdún tó ń bọ̀ tó bẹ̀rẹ̀. Délégè wá ka ìlà tó kẹ́yìn. Ó ní níwọ̀n bí kò ti sí ẹnì kan ní biróò tó mọ bí wọ́n ṣe ń gbọ́ ohùn ògiri amọ̀, kí ìdílé pèsè àgbà bírikìlà kan tó mọ̀ ọ́n, kí ó wà ní ìdí ògiri ní aago mẹ́jọ àárọ̀, kí ó sì mú ìwé ìdánimọ̀ rẹ̀ dání.